Táyé Wo Lẹ̀ Ń Pè?

Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìgbó-Ọrà lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ fi gbogbo ohùn yín pariwo pé, "Táyé o!" Ẹ ó rí nǹkan. Ìyá tó ń wọn ẹ̀lùbọ́ á gbójú sókè. Ọlọ́kadà á tẹ bíréèkì. Ọmọ iléèwé kan tó gbé ike omi sórí á ní, "Mà?" Àwa ọmọ ìlú kì í pe orúkọ yẹn báyẹn. Tí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á kàn bi yín ni: "Táyé wo lẹ̀ ń pè? Táyé ilé ta ni?"

Ọgbọ́n wà nínú ìbéèrè yẹn. Tí mo bá béèrè ní Ìgbó-Ọrà pé "Ṣé Táyé wà?", ìdáhùn rẹ̀ kò lè jẹ́ "rárá" láéláé. Táyé kan á ṣáà wà níbì kan. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni bóyá Táyé tèmi, ìyẹn Táyé tí mo wá bá nínú ilé yìí, wà nílé. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Láti kékeré ni mo ti mọ èyí, síbẹ̀ odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bi kọ̀ǹpútà mi ní ìbéèrè àkọ́kọ́, tí mo sì rò pé ìkejì ni mò ń bi í. Díẹ̀ ló kù kí n fi dójú ti ara mi àti ìlú mi.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀

Iṣẹ́ ìwádìí másítàsì mi dá lórí ìbí ìbejì ní Ìbàràpá. Ìtàn ìbejì Ìgbó-Ọrà ò tún ṣàjèjì sẹ́nikẹ́ni mọ́, pàápàá látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ìbejì níbẹ̀ lọ́dún 2018. Ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì ti débẹ̀ tipẹ́ kí ariwo orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ètò ìlera àwùjọ ní Ìbàràpá. Dókítà P.P.S. Nylander, tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, tẹ ìwádìí lóríṣiríṣi jáde láti ìparí àwọn ọdún 1960 lọ sókè, lórí bí ìbejì ṣe pọ̀ tó láàrin Yorùbá. Iye tí àwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí fún Ìgbó-Ọrà ni nǹkan bí 45 sí 50 ìbejì nínú 1,000 ìbí. Ní ti gbogbo ayé, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2021 sọ pé nǹkan bí 12 nínú 1,000 ni.

Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà méjì ló wà nídìí irú ìṣirò yìí: iye ìbejì lókè, iye gbogbo ìbí nísàlẹ̀. Ẹnu gbogbo èèyàn máa ń wà lára ti òkè. Ti ìsàlẹ̀ yẹn ló ń dáni lóró. Tó bá ṣì pẹ́nrẹ́n, gbogbo ohun tí ẹ bá sọ lẹ́yìn rẹ̀ ti dìrọ́.

Èdè kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣírò ni R. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Auckland, ní New Zealand, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ẹ̀dà 1.0.0 rẹ̀ jáde lọ́jọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2000. Ọ̀fẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lò ó.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn án rí: variable ni orúkọ tí a fi nǹkan pamọ́ sí. Tí mo bá kọ ibi <- 500, mo ti ní kí R fi 500 sábẹ́ orúkọ ibi. (Ìbí ni mo ní lọ́kàn o, kì í ṣe ibi tí à ń gbàdúrà lòdì sí. Mi ò kàn kì í fi àmì ohùn sínú kóòdù ni.) Function ní tiẹ̀ dà bí yàrá iṣẹ́. Ẹ ó gbé nǹkan gba ẹnu ọ̀nà wọlé, iṣẹ́ á lọ lórí rẹ̀ nínú yàrá, èsì á jáde.

Function tí mo kọ nìyí:

ida_ibeji <- function(ibeji) {
  if (!exists("ibi")) stop("Ko si iye ibi!")
  1000 * ibeji / ibi
}

Mo rò pé mo gbọ́n. Ìlà kejì yẹn ni ẹ̀ṣọ́ mi. Ohun tó ń sọ ni pé: kọ́kọ́ wò ó bóyá ibi wà, tí kò bá sí, má ṣírò rárá, pariwo. Inú mi dùn sí i gan-an.

Iye gidi tó wà nínú iṣẹ́ mi kò tíì jáde, nítorí náà nọ́ńbà tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni màá fi ṣàpẹẹrẹ. Ká ní ìwé Èrúwà ní ìbí 1,000, ìbejì 25. Ìwé Ìgbó-Ọrà ní ìbí 500, ìbejì 20. Láàárọ̀, mo tẹ ibi <- 1000 sójú R tààrà, mi ò kọ ọ́ sínú fáìlì. Mo ṣe ida_ibeji(25), ó fún mi ní 25 nínú 1,000. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lálẹ́, mo bọ́ sórí Ìgbó-Ọrà, mo ṣe ida_ibeji(20). Mo gbàgbé láti yí ibi padà sí 500. Ẹ̀ṣọ́ mi wò yíká, ó rí ibi kan, ó ní ó wà, kí n máa lọ. Èsì jáde: 20.

Ogójì ló yẹ kó jẹ́. Ìdajì ìbejì ìlú mi ti pòórá. Ìgbó-Ọrà, tí gbogbo ayé ń pè ní ìlú ìbejì, ti wá já sẹ́yìn Èrúwà!

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí títí dòní ni pé mi ò fura. Ṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àlàyé fún un. Mo ní bóyá àwọn aláboyún Ìgbó-Ọrà tó ní ìbejì nínú ti ń lọ bímọ sí Ìbàdàn. Mo ní bóyá àkọsílẹ̀ ló jò. Mo ti kọ odidi ojú ìwé kan lórí ẹ̀. Ọpọlọ èèyàn mọ bí a ṣe ń hun ìtàn mọ́ nọ́ńbà tó ti ṣì, ó sì máa ń dùn létí.

Ẹ̀gbọ́n kan ní láàbù wa ló yọ mí. Mo fi fáìlì ránṣẹ́ sí i kó bá mi wò ó. Ó pè mí.

"Àbúrò, kóòdù ẹ ò ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi o."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe báyìí ni."

"Ó ní kò sí iye ìbí. Ìgbà wo lo pa R ẹ gbẹ̀yìn?"

Mo ronú. Mi ò kì í pa á. Mo kàn máa ń dé láptọ́ọ̀pù mi ni, kí n ṣí i lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí n pa R, tó bá bi mí bóyá kó tọ́jú nǹkan tó wà nílẹ̀, kí n sọ pé rárá, kí n wá tún un ṣí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Kóòdù mi kú lójú ara mi: "Ko si iye ibi!"

Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ òótọ́ látọjọ́ yìí. Tèmi ń fi ìbí Èrúwà dá mi lóhùn.

Ibi tí R ti ń wá orúkọ

Kí ló dé tí ẹ̀ṣọ́ mi fi jẹ́ kí àlejò wọlé? Torí pé ohun tí mo ní kó ṣe gan-an ló ṣe. Bí R ṣe ń wá orúkọ kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń wá èèyàn nínú agbo ilé. Ó máa kọ́kọ́ wo inú yàrá, ìyẹn inú function náà fúnra rẹ̀. Bí kò bá rí i níbẹ̀, á jáde sí ibi tí wọ́n ti kọ function náà. Ó sábà máa ń jẹ́ gbàgede gbangba tí gbogbo ohun tí ẹ tẹ̀ sójú R ń gbé. Bí kò bá tún sí níbẹ̀, á bọ́ sáàrin ìlú, á máa kan ilẹ̀kùn gbogbo package tí ẹ ti ṣí, títí á fi dé ọ̀dọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní base, baba gbogbo wọn. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá dáhùn orúkọ náà ló máa mú.

Ẹ jẹ́ kí n tẹ ẹ̀ka kan mọ́ ọn, torí ó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ilé tí wọ́n ti bí function ni R ń padà sí, kì í ṣe ilé tí function náà ti lọ ṣàlejò. Bí mo bá kọ function kan ní gbàgede, tí function mìíràn wá pè é wọ inú yàrá tiẹ̀, gbàgede náà ló ṣì máa padà sí láti wá ohun tó kù. Ihaka àti Gentleman mú ìlànà yìí láti inú èdè kan tó ń jẹ́ Scheme.

Nígbà tí mo wá kọ exists("ibi") lásán, ohun tí mo béèrè ni pé, "Ṣé ibi kankan wà láti inú yàrá yìí títí dé òpin ìlú?" Bí ẹni ń pe Táyé lọ́jà ni.

Ẹ má rò pé èmi nìkan ni àgbákò yìí lè ṣe. Ẹ ṣí R tuntun, kí ẹ má ka fáìlì kankan, kí ẹ wá tẹ exists("df"). TRUE ni yóò sọ. Orúkọ tí ìdajì wa máa ń fún dátà wa nìyẹn, ṣùgbọ́n R ti ní function kan tó ń jẹ́ df látilẹ̀wá, fún ìṣirò F distribution. Ẹ dán exists("data") wò, TRUE. exists("c"), TRUE. exists("t"), TRUE.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni exists("women"). Ká ní ẹ fẹ́ ka àkọsílẹ̀ àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Ìgbó-Ọrà, ẹ sì fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ ní women. Fáìlì kò tíì wọlé, ẹ béèrè bóyá women wà, R ní ó wà. Òótọ́ ló sọ. Tábìlì kan báyìí ló ń bá R rìn, ìlà 15, gíga àti ìwọ̀n àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ọmọ ọdún 30 sí 39. Bí ẹ ò bá ṣọ́ra, ìyá Ìbàràpá tí ẹ ń kọ̀wé nípa rẹ̀ lè jẹ́ ará Amẹ́ríkà.

Bí a ṣe ń béèrè "ilé ta ni"

Àtúnṣe wà, kò sì le. Mo pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, torí ipò mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà.

Àkọ́kọ́, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ kan wà nínú yàrá yìí nìkan, ẹ kọ exists("ibi", inherits = FALSE). Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni pé: má jáde síta. Ó wúlò bó bá jẹ́ pé inú function náà gan-an ni variable ọ̀hún ti máa ń wáyé nígbà mìíràn, tí kì í sì í wáyé nígbà mìíràn. Síbẹ̀, lójú tèmi, ó sàn kí ẹ ti kọ ibi <- NULL sókè function kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá fi is.null(ibi) yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀. Ẹ ti gbé àga sílẹ̀ fún un nìyẹn, ó wá ku kí ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti jókòó.

Èkejì, bó bá jẹ́ ohun tí ẹ kọ sẹ́nu ọ̀nà function ni, missing(ibi) ni kí ẹ lò. Ẹ má lo exists fún un, torí pé orúkọ náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà bí kò bá tilẹ̀ sẹ́ni tó gbé nǹkan sínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bó bá jẹ́ pé òpó kan nínú tábìlì dátà ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ tábìlì náà gan-an: "ibi" %in% names(d). Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé is.null(d$ibi). Nínú data.frame R, àmì dọ́là yẹn máa ń parí orúkọ fúnni. Bí kò bá sí òpó ibi, tí ọ̀kan ṣoṣo sì wà tó fi lẹ́tà wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀, ká ní ibi_oku, ìyẹn iye ọmọ tó kú sínú, R á gbé ìyẹn fún yín láìsọ nǹkan kan. Ẹ rò ó wò: ẹ fẹ́ pín iye ìbejì sí iye gbogbo ìbí, iye àwọn ọmọ tó kú lẹ wá fi pín in.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tí mo tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo èyí: ẹ má béèrè rárá. Ẹ gbé e gba ẹnu ọ̀nà.

ida_ibeji <- function(ibeji, ibi) {
  1000 * ibeji / ibi
}

Ó tán. Ẹ̀ṣọ́ ti lọ, ìlà kan ti dín. Bí mo bá gbàgbé, tí mo kọ ida_ibeji(20), R á kọ̀ jálẹ̀, á ní ibi kò sí níbẹ̀. Á kọ̀ bí ibi tó jẹ́ 1000 bá tilẹ̀ ń sùn ní gbàgede látàná. Torí pé orúkọ náà ti ní àyè tirẹ̀ nínú yàrá, R kò ní jáde lọ wá ẹlòmíràn.

Ohun tí mo gbà gbọ́

Èrò tèmi rèé, ẹ lè bá mi jiyàn: ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹ bá rí exists() nínú function, àmì ni pé ẹni tó kọ ọ́ kò dá ara rẹ̀ lójú nípa ohun tó gbé wọlé. Emi náà rèé. Mi ò mọ ibi tí ibi ti ń bọ̀, ni mo bá gba ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó mọ àlejò rẹ̀ kì í gba ẹ̀ṣọ́ sí yàrá.

Àwọn kan á ní mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé R ló jẹ̀bi. Rárá o. Bí R kì í bá jáde lọ wá orúkọ, a ò ní lè lo sum tàbí mean nínú function kankan, torí base ni wọ́n ń gbé. Ohun rere ni kí yàrá ní ilẹ̀kùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ yá function láti ìta, kí ẹ má yá dátà. Irinṣẹ́ ará àdúgbò ò burú. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní fi èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ará àdúgbò gba oògùn.

Àwọn mìíràn á ní Python làwọn ń lò, pé kò kan àwọn. Ó kàn yín. Function Python náà máa ń ka orúkọ tó wà níta bí kò bá rí i nínú. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Jupyter, tí ẹ ń sá sókè sá sódò láàrin cell, tí ẹ pa cell kan rẹ́ ṣùgbọ́n tí variable rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, ẹ̀yin gan-an lẹ ni Èrúwà àti Ìgbó-Ọrà tiyín.

Àwọn tó kù á ní, "Àwa máa ń ṣọ́ra." Èmi náà máa ń ṣọ́ra. Ìṣọ́ra mi ni ìlà kejì yẹn, òun náà ló tàn mí. Ká ní mi ò fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀ rárá, ojú mi ì bá là sí i, torí mi ò bá má fọkàn balẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó ń sọ pé "ó dáa" fún gbogbo ẹni tó bá kọjá burú ju àìní ẹ̀ṣọ́ lọ.

Kí ló wà nínú ẹ̀ fún ẹni tí kò ní ṣe másítàsì láéláé? Nọ́ńbà tí irú wa ń ṣírò kì í dúró sínú ìwé ìwádìí. Òun ni wọ́n máa fi ń sọ pé ìlú yìí nílò agbẹ̀bí púpọ̀ sí i, pé ìlú yẹn kò nílò rẹ̀. Oyún ìbejì léwu ju oyún ọmọ kan lọ. Àwọn ìbejì sábà máa ń tètè dé, wọ́n sì máa ń kéré. Bí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fi àṣìṣe pa ìdajì wọn rẹ́, ìyá tó máa jìyà rẹ̀ kò ní mọ ohun tó ń jẹ́ R. Òun kàn máa dé ilé ìwòsàn ni, kò sì ní bá ohun tó yẹ kó bá.

Nítorí náà, iṣẹ́ àlẹ́ òní rèé. Ẹ lọ sínú ètò RStudio yín, ẹ yọ àmì kúrò lójú ibi tó ní kó máa dá .RData padà nígbà tó bá ṣí. Ẹ pa R. Ẹ tún un ṣí. Ẹ jẹ́ kí fáìlì yín ṣiṣẹ́ láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn láìsí ohun àná nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú function tí ẹ fọkàn tán jù, ká ní tèmi àtijọ́, kí ẹ kọ:

codetools::findGlobals(ida_ibeji, merge = FALSE)$variables

R á ka gbogbo variable tí function náà ń yá láti ìta. Nígbà tí mo ṣe tèmi, orúkọ kan ṣoṣo ló jáde: "ibi". Ó ti wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí tiyín bá mú orúkọ kankan jáde, ẹ má tíì bínú sí i. Ẹ kàn bi í ní ohun tí wọ́n máa ń bi wá ní Ìgbó-Ọrà: ilé ta ni?